Mẹ́sàn-án Ló Gun Òkè Àlékún

Èmi kò mọ nǹkan kan nínú ìtàn o. Àwọn ìjòyè wa ló mọ̀ ọ́n, àwọn tí kì í rántí ibi tí wọ́n fi fìlà sí lánàá. Ẹ̀yin ọmọ Àlékún, ẹ ṣáà gbọ́ tèmi.

Adéjùwọ̀n ni àrẹ̀mọ tí àbúrò rẹ̀ gba adé mọ́ lọ́wọ́. Èèyàn mẹ́jọ péré ló tẹ̀ lé e kúrò nílé, ariwo nìkan ni wọ́n fi pọ̀. Arúgbó tó ń ṣọ́ ojúbọ odò kan sọ fún un pé: "Ibi tí ẹ bá ti pọ̀ sí i láìsí ìkúnlẹ̀ abiyamọ, ibẹ̀ ni kí ẹ tẹ̀dó sí." Oṣù mẹ́fà ni wọ́n fi rìn. Wọn ò pọ̀, wọ́n kàn ń rù sí i ni. Níkẹyìn, àwọn ọmọ ẹ̀yìn rẹ̀ fárígá: bí oòrùn ọjọ́ náà bá wọ̀ láìrí ibùdó, àwọn á padà lọ dọ̀bálẹ̀ fún àbúrò.

Òkè kan dá dúró láàárín ọ̀dàn níwájú wọn, kò ga, kò lókìkí. Òjúọlápé, àbúrò bàbá àrẹ̀mọ lóbìnrin, sun iṣu, ó gé e sí mẹ́sàn-án, ó dì í sínú ewé, gbogbo wọn sì gòkè. Ìkùukùu bo orí òkè náà. Afẹ́fẹ́ ń fẹ́, koríko kò mì. Ẹyẹ kan kò ké. Wọn ò rí ẹnikẹ́ni, wọ́n sọ̀ kalẹ̀ wẹ́rẹ́.

Nísàlẹ̀, Òjúọlápé pín iṣu. Gbogbo wọn gbà, ọwọ́ tirẹ̀ ṣófo.

"Olójúkòkòrò wo ló gbà lẹ́ẹ̀mejì?"

"Ìyá, ẹ̀ẹ̀kan ni mo gbà o," ni oníkálukú ń wí.

Ó kà wọ́n mọ́ ara rẹ̀. Mẹ́wàá. Ó tún kà wọ́n. Mẹ́wàá. Wọ́n wo ara wọn lójú: kò sí àjèjì. Kò sí ẹni tí àwọn yòókù kò mọ orúkọ ìyá rẹ̀.

"Àrẹ̀mọ, ta ni ẹnì kẹwàá?"

"Ìyá mi, ẹ má wá a. Òun ni àlékún wa. Bí a bá mọ̀ ọ́n, á lọ. Bó bá lọ, ibùdó lọ nìyẹn."

"Bó bá wá jẹ́ pé ìwọ gan-an ni ńkọ́?"

Ọkọ́ ni àrẹ̀mọ ní kí wọ́n gbé wá.

Ilé mẹ́wàá ni wọ́n kọ́, ọ̀kan fún ẹnì kọ̀ọ̀kan. Àlékún ni wọ́n sọ òkè náà, òun náà ni wọ́n sọ ìlú. Ìdí nìyí tí wọ́n fi ń kì wá ní ọmọ a-gòkè-mẹ́sàn-án-sọ̀-mẹ́wàá. A kì í ka orí èèyàn níbí, a sì máa ń bu oúnjẹ ẹnìkan lé e níbi àsè gbogbo. Ilé ọba ní ilé alágbẹ̀dẹ ni ìran ẹnì kẹwàá. Ilé alágbẹ̀dẹ ní kí ẹ wo ojú àwọn ará ilé ọba dáadáa. Bẹ́ẹ̀ ni ilé mẹ́wẹ̀ẹ̀wá ń fẹ́ ọmọ ara wọn láti ìgbà náà.

Ìwọ tó ń rẹ́rìn-ín yìí, ilé wo ni ìyá rẹ ti wá?