Akíndùró Tí Ń Pọn Ọba

Nígbà tí Kábíyèsí gorí ìtẹ́, ní àádọ́ta ọdún sẹ́yìn, kò sí afárá lórí odò. Olóyè Akíndùró ni ó ń pọ̀n wọ́n kọjá lọ sí ojúbọ lọ́dọọdún. Iṣẹ́ oyè rẹ̀ nìyẹn.

Afárá dé, Kábíyèsí sanra, Akíndùró darúgbó. Síbẹ̀, ẹ̀rù ń bà á pé bí ọba bá fẹsẹ̀ ara wọn kọjá, oyè òun parí. Nígbà tí ọjọ́ ìrúbọ ọdún yìí pé, ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ létí omi, ó pọ̀n wọ́n. Láàárín odò, ìbàdí rẹ̀ yẹ̀, àwọn méjèèjì sì ṣubú yakata.

Kábíyèsí tu omi lẹ́nu. “Akíndùró, bí ayé bá ń yí, ká máa bá a yí. Di ọwọ́ mi mú, ká gba orí afárá. Oyè rẹ kò parí.”

Akíndùró dì í mú, ó mí kanlẹ̀.

“Kábíyèsí, ọwọ́ yín mà fúyẹ́ ju ìdí yín lọ o!”