Máàkì Méje tí Ọ̀yà fún Ìgbín

Ààlọ́ o!

Ààlọ̀!

Ààlọ́ mi gbéra nílé, ó yà sílé-ìwé àwọn ẹranko, ó bá Ọ̀yà lójú oorun, ó bá Ìgbín nínú ìkarahun.

Ní ayé àtijọ́, àwọn ẹranko ní ilé-ìwé kan. Kò ní òrùlé. Orí pápá ni wọ́n ti ń kọ́ ẹ̀kọ́, Ìnàkí sì ni tíṣà wọn. Ìgbà tí oòrùn bá mú dáadáa ni Ìnàkí máa ń ṣí ìwé orúkọ, tí á máa pè wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan.

Ìgbín kì í pẹ́ dé. Inú ìrì ìdájí ló ti ń rìn, òun ni í kọ́kọ́ jókòó. Ṣùgbọ́n bí oòrùn bá ti mú, ilẹ̀ á gbóná, Ìgbín á wọ inú ìkarahun, á sì dí ẹnu rẹ̀ pa. Ìnàkí á pe orúkọ rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, kò ní gbọ́ ohùn. Á pè é lẹ́ẹ̀kejì, kò ní gbọ́ ohùn. Á pè é lẹ́ẹ̀kẹta, á kọ ọ́ sílẹ̀ pé kò wá. Inú ìkarahun ni Ìgbín á ti máa kọrin. Ẹ bá mi gbè é:

Tíṣà, ẹ má pa orúkọ mi rẹ́,
— Oòrùn mú, ilẹ̀ ń jó mi.
Mo tètè dé, mo ti jókòó,
— Oòrùn mú, ilẹ̀ ń jó mi.
Inú ilé mi ni mo wà, n kò sá,
— Oòrùn mú, ilẹ̀ ń jó mi.

Ìkarahun nípọn. Kò sẹ́ni tó gbọ́.

Òfin ilé-ìwé náà ni pé ẹni tí kò bá jẹ́ ìpè fún oṣù mẹ́ta, wọn á yọ orúkọ rẹ̀ kúrò. Ó ku ọ̀sẹ̀ kan kí ti Ìgbín pé. Ní ìrọ̀lẹ́, ó lọ ṣàlàyé fún Ìnàkí.

Ìnàkí ní, "Mo gbọ́. Ṣùgbọ́n òfin ọba ni. Ọba nìkan ló lè yí i."

Lọ́dọọdún, Ọba Erin máa ń gba àròkọ kan láti ilé-ìwé náà. Olúkúlùkù á kọ ohun tó fẹ́ kí wọ́n yí padà níbẹ̀, àti ìdí tó fi yẹ kí ọba gbà. Tíṣà kọ́ ni í yan èyí tó máa lọ sí ààfin; èyí tí máàkì rẹ̀ bá pọ̀ jù ni. Wọ́n á pààrọ̀ ìwé. Ẹnì kọ̀ọ̀kan á ka ti ẹnì kejì, á fún un ní máàkì nínú mẹ́wàá. Á sì dìde sọ ohun mẹ́ta: ohun tí ẹni tó kọ ọ́ ń béèrè, ìdí rẹ̀, àti ibi tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ ti tiro.

Ọ̀sẹ̀ náà gan-an ni àròkọ ti ọdún yẹn bọ́ sí. Ìgbín kọ ọ́ pé kí ẹ̀kọ́ máa bẹ̀rẹ̀ nínú ìrì ìdájí, kí wọ́n sì ṣíwọ́ kí oòrùn tó mú. Ọwọ́ Ọ̀yà ni ìwé rẹ̀ bọ́ sí. Ọ̀yà yìí, òru ló ń jẹko. Kò sí ohun tó fẹ́ràn tó oorun òwúrọ̀.

Ọ̀kẹ́rẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í káàkiri. "Ẹ jẹ́ kí gbogbo wa fún ara wa ní mẹ́wàá. Ta ló fẹ́ máa ka gbogbo ẹ̀?" Inú wọn dùn sí i. Ó dé ọ̀dọ̀ Ọ̀yà.

"Ọ̀yà olóorun, ti ta ló wà lọ́wọ́ ẹ?"

"Ti Ìgbín."

"Ìyẹn nìkan ni kí o fún ní méjì. Bí ọba bá gbà fún un, o ti sùn kẹ́yìn nìyẹn."

"Jẹ́ kí n kọ́kọ́ kà á ná."

"Ìwọ tí o máa ń sùn lé ìwé tìrẹ lórí?"

Ọ̀yà kà á lẹ́ẹ̀kan. Ìkọ̀wé Ìgbín ń wọ́ nílẹ̀, ó ń yọ̀. Ó ní méjì tó o. Ó kà á lẹ́ẹ̀kejì. Ó wá irọ́ níbẹ̀, kò rí. Ó kà á lẹ́ẹ̀kẹta, ó wá bí òun yóò ṣe já a nírọ́. Ibì kan ṣoṣo ló rí mú.

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kejì ni wọ́n pé jọ, nígbà tí ilẹ̀ ti tutù. Ẹnì kan dìde, ó ní, "Mẹ́wàá." Ẹnì kejì dìde, ó ní, "Mẹ́wàá." Ó kan Ẹtu, tí ìwé Ọ̀kẹ́rẹ́ wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó ní, "Mẹ́wàá."

Ìnàkí bi í pé, "Kí ni Ọ̀kẹ́rẹ́ ń béèrè?"

"Nǹkan tó dára ni, tíṣà."

"Kí ni ìdí rẹ̀?"

"Ìdí rẹ̀ pọ̀, tíṣà."

"Ibo ló ti tiro?"

"Kò tiro rárá. Ṣe ló ń sáré."

Kíláàsì rẹ́rìn-ín. Ìnàkí kò rẹ́rìn-ín. Ó bi àwọn yòókù, bákan náà ni. Ó da gbogbo mẹ́wàá náà nù.

Ọ̀yà dìde. "Méje."

Ìgbín fa ìwo rẹ̀ méjèèjì wọlé. Kò sẹ́ni tí wọ́n fún ní ohun tó kéré tó bẹ́ẹ̀.

Ọ̀yà ní, "Ó ń béèrè pé kí a máa bẹ̀rẹ̀ ní ìdájí. Ìdí rẹ̀ ni pé ojoojúmọ́ ló ń wá, oòrùn ni kì í jẹ́ kó jẹ́ ìpè. Ó ní bí ẹnì kan bá wà níjókòó tí a kọ ọ́ pé kò wá, ìwé ló purọ́. N kò rí èsì sí ìyẹn. Ṣùgbọ́n ó tiro. Àwọn tó ń pọnmi fún ìyá wọn ní ìdájí, kò sọ ohun tí wọ́n máa ṣe. Ìyẹn ni mo ṣe yọ mẹ́ta."

"Ìwọ fúnra rẹ, ṣé o fẹ́ ohun tó ń béèrè?"

"N kò fẹ́ ẹ, tíṣà. Oorun mi ló fẹ́ gbà. Ṣùgbọ́n ẹ kò ní kí n sọ ohun tí mo fẹ́. Bí ọ̀rọ̀ rẹ̀ ṣe dúró sí ni ẹ ní kí n sọ."

Ìnàkí dá ìwé náà padà fún Ìgbín. Ìgbín kọ ọ́ kún un pé kí wọ́n máa pọn omi ìdájí sílẹ̀ ní ìrọ̀lẹ́. Nígbà tí ìwé náà dé ààfin tí Ọba Erin kà á, ọ̀rọ̀ omi gan-an ló fẹ́ bi í, ó sì bá èsì níbẹ̀. Ó fọwọ́ sí i. Ó ku ọjọ́ kan kí oṣù mẹ́ta pé.

Nínú ìrì ìdájí ọjọ́ tó tẹ̀ lé e, Ìnàkí ṣí ìwé orúkọ.

"Ìgbín."

"Mo wà níhìn-ín, sà."

"Ọ̀yà."

Kò sí ohùn.

"Ọ̀yà."

Ọ̀yà ń hanrun lórí koríko. Ìnàkí kò tíì pè é lẹ́ẹ̀kẹta tí Ìgbín fi sọ̀rọ̀.

"Ó wà níhìn-ín, sà. Ẹ má kọ ọ́ pé kò wá."

Ẹ̀yin ọmọ, bí wọ́n bá gbé iṣẹ́ ẹgbẹ́ yín lé yín lọ́wọ́ pé kí ẹ yẹ̀ ẹ́ wò, ẹ kà á tán kí ẹ tó dájọ́. Ẹ má tìtorí ọ̀rẹ́ gbé e ga, ẹ má sì tìtorí ohun tí ẹ fẹ́ rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀. Mẹ́wàá tí ẹnikẹ́ni kò kà kò jáde nínú kíláàsì. Méje olóòótọ́ ló dé ààfin.

Ibi tí ààlọ́ mi sọ̀ kalẹ̀ sí nìyí.