Ògúndíran Ẹlẹ́nu Abẹ àti Ẹ̀rọ Tí Ń Ṣọ́ Odò

Ààlọ́ o!

Ààlọ̀!

Ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ sún mọ́ mi. Bí mo bá dá orin, kí ẹ gbè é o. Ẹni tó bá dákẹ́, á jẹ́ pé ó ti sùn nìyẹn. Àlọ́ mi gbéra ńlẹ̀, ó dìde gìrì, ó bọ́ sétí odò ìlú Arómisá, ó bá Ògúndíran níbẹ̀, ọlọ́gbọ́n tí ẹnu rẹ̀ mú ju abẹ ìfárí lọ.

Iṣẹ́ kọ̀ǹpútà ni Ògúndíran ń ṣe. Ó máa ń kọ ọ̀rọ̀ àṣẹ sínú ẹ̀rọ, ẹ̀rọ á kà á, á sì ṣe ohun tó wí. Kò sẹ́ni tó mọ iṣẹ́ náà tó o ní gbogbo agbègbè wọn. Ṣùgbọ́n ìwà rẹ̀! Bí o bá kí i pé, "Ẹ kú iṣẹ́," á ní, "Ṣé ìwọ lo rán mi ni?" Bí o bá bi í léèrè ohun kan lẹ́ẹ̀mejì, á fọwọ́ gbá tábìlì, gbàà! Ìyá rẹ̀ gan-an, kó tó pè é wá jẹun, á kọ́kọ́ yọjú wò ó lójú fèrèsé, bóyá ojú rẹ̀ dára lónìí.

Kì í ṣe gbogbo ohun tó mú un rí bẹ́ẹ̀ ni mo mọ̀. Mo mọ̀ pé lọ́dún kan, odò Arómisá kún lọ́sàn-án gangan, bẹ́ẹ̀ ẹ̀kán òjò kan ò kán nílùú. Òkè odò lọ́hùn-ún lòjò ti rọ̀. Omi dé, gbuurururu! Ó gbé Àyọ̀ká, àbúrò Ògúndíran, níbi tó ti ń fọṣọ. Ọjọ́ kẹta ni wọ́n tó rí i. Ògúndíran ò sunkún lójú ẹnikẹ́ni. Ó kàn sọ pé, "Odò yìí ò tún ní bá wa lójijì mọ́."

Ọdún mẹ́ta ló fi ṣiṣẹ́. Ó ri òpó irin mọ́ inú odò lókè lọ́hùn-ún, ó so ẹ̀rọ kékeré mọ́ ọn. Bí omi bá ti ń gun òpó náà, ẹ̀rọ á ké lórí fóònù gbogbo ará ìlú: wíìì! wíìì! Odò ń bọ̀, ẹ gòkè!

Gbádégẹ̀ṣin, ọ̀rẹ́ rẹ̀ tí wọ́n jọ kọ́ṣẹ́, wá wo iṣẹ́ náà. Ojú rẹ̀ tàn yanran.

"Ògúndíran, a ti là! Jẹ́ ká ti inú ẹ̀rọ yìí pa, kí ẹnikẹ́ni má rí ohun tó o kọ síbẹ̀. Gbogbo ìlú etí odò ni yóò wá kúnlẹ̀ fún wa."

"Kúnlẹ̀ kẹ̀? Àbúrò mi ò kú torí kí ẹnikẹ́ni lè kúnlẹ̀ fún mi. Jáde nílé mi!"

Ni Ògúndíran bá kó gbogbo ohun tó kọ, látòkèdélẹ̀, ó tẹ́ ẹ síta gbangba lórí íńtánẹ́ẹ̀tì. Ó ní ẹni tó bá wù kó kà á, kó dà á kọ, kó tún un ṣe. Àdéhùn kan ṣoṣo ló wà níbẹ̀: ẹni tó bá tún un ṣe, kí òun náà tẹ́ àtúnṣe rẹ̀ síta fáwọn ẹlòmíì. Orin ló fi pe àwọn ènìyàn. Ó yá, ẹ gbè é:

Òjò ń ṣú lókè odò
*Ẹ bá mi wò ó o*
Mo kọ ọ́, n ò mọ̀ bó pé
*Ẹ bá mi wò ó o*
Ojú kan ò lè ríran tán
*Ẹ bá mi wò ó o*
Ẹni bá rí i, kó wí
*Ẹ bá mi wò ó o*

Àwọn ènìyàn wá o. Olùkọ́ wá, atúnfóònù-ṣe wá, apẹja tó mọ kọ̀rọ̀ odò wá. Láàárín ọdún kan, òpó kan ti di ogójì. Gbádégẹ̀ṣin náà wá, ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ olè ló bá wá. Ó da iṣẹ́ náà kọ, ó yọ orúkọ Ògúndíran kúrò, ó fẹsẹ̀ tẹ àdéhùn mọ́lẹ̀, ó ti gbogbo rẹ̀ mọ́nú àpótí dídán kan, ó sì gbé e lọ sí Ìsàlẹ̀-Àbàtà, ìlú tó wà nísàlẹ̀ odò, ó ri òpó tirẹ̀ mọ́ odò níbẹ̀. Àwọn ará ibẹ̀ rí i tó ń kọ mànà, wọ́n pàtẹ́wọ́ fún un.

Ó wá di ọjọ́ kan, Wúràọlá, olùkọ́ ìṣirò kan tó ti ń bá Ògúndíran ṣiṣẹ́, kọ̀wé sí i. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, mo rí àṣìṣe kan. Bí omi bá bo orí òpó mọ́lẹ̀ pátápátá, ẹ̀rọ ò ní rí nǹkan kà mọ́. Yóò rò pé odò ti gbẹ."

Ibi tí gbogbo ayé ti lè kà á ni Ògúndíran ti dá a lóhùn: "Ta ló pè ọ́ sí i? Olódo! Àwọn ọmọ tó ò ń kọ́ ló ń ṣe mí láàánú. Padà sídìí ení, èjì, ẹ̀ta rẹ!"

Hà! Wúràọlá pa kọ̀ǹpútà rẹ̀ dé, ó lọ. Apẹja tí Ògúndíran ti pè ní òmùgọ̀ lọ́sẹ̀ tó kọjá náà lọ. Àwọn yòókù ń wojú ara wọn pé, "Ta ló kàn?" Ni wọ́n bá ń yọ́ lọ lọ́kọ̀ọ̀kan, títí ibẹ̀ fi dá wáí.

"Kí wọ́n máa lọ," ni Ògúndíran wí. "Ṣebí èmi nìkan ni mo bẹ̀rẹ̀ ẹ̀."

Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ Wúràọlá ò kúrò nínú rẹ̀. Nígbà tó di ọjọ́ kẹta, ó gbé òpó kan sínú àgbá omi lẹ́yìnkùlé, ó tì í wọlé títí omi fi bo orí rẹ̀. Ó wo fóònù. Fóònù ní, "Odò ti gbẹ. Ẹ máa bá iṣẹ́ yín lọ."

Ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Ó rí Àyọ̀ká níwájú rẹ̀ kedere, tòun ti aṣọ lọ́wọ́.

Ìyá rẹ̀ bá a níbẹ̀. "Kí ló dé?"

"Ìyá mi, obìnrin yẹn ò parọ́. Òpó ogójì ló wà lódò, ohun tí wọ́n sì kọ fún ọ̀kan yàtọ̀ sí ti èkejì. Èmi nìkan ò lè parí ẹ̀ kí òjò tó dé."

"Ṣé ẹsẹ̀ ń dùn ẹ́ ni?"

"Rárá, mà."

"Dìde, kó o lọ bẹ̀ ẹ́. Ẹnu tó o fi bú u náà ni kó o fi bẹ̀ ẹ́."

Ó bá Wúràọlá níwájú pátákó ìkọ̀wé, ṣọ́ọ̀kì wà lọ́wọ́ rẹ̀. Obìnrin náà wò ó. "Ẹ káàárọ̀, ẹ̀gbọ́n. Mo ṣì wà nídìí ení, èjì, ẹ̀ta mi."

Ògúndíran fẹ́ dọ̀bálẹ̀, obìnrin náà dá a dúró. "Ẹ má dọ̀bálẹ̀ fún mi. Gbangba lẹ ti bú mi, gbangba ni kẹ́ ẹ ti bẹ̀ mí. Láti òní lọ, èmi ni n ó sì máa dá àwọn ènìyàn lóhùn. Kí ẹ̀yin dojú kọ iṣẹ́."

Iṣan ọrùn Ògúndíran dìde. Èébú dé ọ̀nà ọ̀fun, ó gbé e mì, gbì! "Mo gbà," ló wí.

Lọ́jọ́ náà gan-an ló kọ ọ́ síta pé: "Èmi Ògúndíran ni mo ṣì í kọ. Wúràọlá ló rí i. Mo bú u láìṣẹ̀, mo bú ọ̀pọ̀ nínú yín. Ẹ má bínú. Odò ń bọ̀." Ẹ gbè é:

Ẹnu mi ló lé yín lọ
*Ẹ bá mi wò ó o*
Omi ò mọ ẹni a bú
*Ẹ bá mi wò ó o*
Ogójì òpó, ọwọ́ méjì
*Ẹ bá mi wò ó o*

Wọ́n padà wá, lọ́kọ̀ọ̀kan, ní méjì-méjì. Apẹja yẹn ò padà o, títí dòní. Ọjọ́ mẹ́sàn-án ni wọ́n fi ṣiṣẹ́ láìsinmi, wọ́n tún gbogbo òpó ogójì náà ṣe.

Ògúndíran gbéra, ó lọ bá Gbádégẹ̀ṣin. "Àṣìṣe yẹn wà nínú tìrẹ náà. Ṣí àpótí rẹ, ká bá ọ tún un ṣe. Lọ́fẹ̀ẹ́ ni."

Gbádégẹ̀ṣin rẹ́rìn-ín, kẹ̀-kẹ̀-kẹ̀. "O fẹ́ wo inú àpótí mi ni. Máa lọ."

Ṣùgbọ́n Wúràọlá ò dúró de ìyẹn. Ó ti kọ̀wé sáwọn olùkọ́ ẹgbẹ́ rẹ̀ ní Ìsàlẹ̀-Àbàtà pé kí wọ́n gba ìkìlọ̀ Arómisá sórí fóònù tiwọn.

Ọjọ́ mẹ́ta lẹ́yìn náà, lọ́sàn-án, òjò rọ̀ lókè odò bí ẹni da àgbá. Omi gun òpó, ó bo òpó mọ́lẹ̀. Fóònù Arómisá ké: wíìì! wíìì! Tọmọdé tàgbà gòkè, gìrìgìrìgìrì. Ní Ìsàlẹ̀-Àbàtà, àpótí dídán ní, "Odò ti gbẹ. Ẹ máa bá iṣẹ́ yín lọ." Àwọn olùkọ́ náà bá bọ́ síta, wọ́n ń gbá ilẹ̀kùn kiri, "Ẹ gòkè o! Ẹ gòkè!" Ilé lọ, ewúrẹ́ lọ, iṣu inú àká lọ. Ẹ̀mí kankan ò bá a lọ.

Gbádégẹ̀ṣin nìkan ló jókòó, tó ní ẹ̀rọ òun kì í parọ́. Ìgbà tí omi wọlé bá a ló gun orí òrùlé, ó gbá àpótí mọ́ àyà.

Ògúndíran gbọ́, ó wa ọkọ̀ ojú omi lọ bá a. Bó ti ń wà á, ọ̀rọ̀ ń hó nínú rẹ̀ bí omi ẹ̀kọ: olè, aláìnítìjú, ṣé o ti rí i báyìí? Ó dé ìdí òrùlé, ó yanu. Ó rí bí ẹsẹ̀ Gbádégẹ̀ṣin ṣe ń gbọ̀n. Ó pa ẹnu dé.

"Rọra wọlé sínú ọkọ̀," ló wí. "Fi àpótí yẹn sílẹ̀, ó wúwo."

Gbádégẹ̀ṣin wo àpótí, ó wo omi, ó jù ú nù.

Lónìí, ìlú tó ń lo iṣẹ́ Ògúndíran lé ní ọgọ́rùn-ún, púpọ̀ nínú wọn ò sì gbọ́ orúkọ rẹ̀ rí. Ẹnu rẹ̀ ò fi bẹ́ẹ̀ dùn náà o, ẹ má jẹ́ kí n tàn yín. Nígbà tínú bá bí i, á jáde lọ la igi ìdáná títí ara rẹ̀ á fi balẹ̀. Igi ìdáná ò wọ́n ìyá rẹ̀ mọ́.

Ibi tí ẹsẹ̀ àlọ́ mi dé rèé, ó fìdí kalẹ̀, ó ní òun ò lọ mọ́. Bí mo bá parọ́ fún yín, kí ahọ́n mi kọ́ nígbà tí mo bá fẹ́ pe orúkọ ara mi.

Ẹ̀kọ́ rẹ̀ nìyí, ẹ̀yin ọmọ: ọgbọ́n tí a tẹ́ síta fún ọ̀pọ̀ ojú láti wò ló ń pé, èyí tí a tì mọ́lé, tòun tàṣìṣe rẹ̀ ló ń gbé. Bí Ọlọ́run bá sì fún ẹnì kan ní ọgbọ́n, kó má fi ẹnu lé àwọn tí yóò bá a gbé e ró.