Adìyẹ Ẹ̀yìn Ìkòkò Omi

Ẹ̀yin ọmọ, ààlọ́ o! Ààlọ̀! Àlọ́ mi fò fẹ̀rẹ̀, ó bà lé Ewúrẹ́ àti Adìyẹ inú àgbàlá kan.

Bí ìbejì Ewúrẹ́ bá fẹ́ mu omi nínú ìkòkò, Adìyẹ á fi ẹnu sọ wọ́n. Ewúrẹ́ bẹ̀ ẹ́, kò gbọ́. Ó lé e, ó padà wá. Lọ́jọ́ kẹta, ó kù díẹ̀ kó sọ Kẹ́hìndé lójú. Ewúrẹ́ bá na ìwo sí i, ó ń kọrin. Ẹ bá mi gbè é:

Adìyẹ, yà fọ́mọ mi.
Kẹ́kẹ́ kùù!

Adìyẹ ké: “Ìyá Ìbejì, ẹyin mi ni wọ́n fẹ́ tẹ̀!”

Ewúrẹ́ yọjú sẹ́yìn ìkòkò, ó rí ẹyin. “Háà! O ò ṣe wí?”

“Ṣé ẹ bi mí ni?”

Wọ́n bá jọ fi imọ̀ ọ̀pẹ ṣọgbà yí ẹyin ká. Àwọn ìbejì mumi tẹ́rùn, Ewúrẹ́ sì mí kanlẹ̀.

Ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ jìnnà sí adìyẹ tó ń sàba. Ibi tí àlọ́ mi wọ̀ sí nìyẹn.