Àparò Akólòlò àti Òfin Ẹsẹ̀ Kan

Ààlọ̀ o!

Ààlọ̀!

Ààlọ̀ mi fò pìrì, ó fò pìrì, ó dá lórí Àparò akólòlò.

Láyé ijọ́un, Lékèélékèé ni olórí gbogbo ẹyẹ. Òun ló ṣòfin pé ẹni tó bá fẹ́ sọ̀rọ̀ láwùjọ gbọ́dọ̀ dúró lórí ẹsẹ̀ kan. Bí ẹsẹ̀ kejì bá ti kanlẹ̀, ọ̀rọ̀ rẹ̀ parí nìyẹn. Ṣé ẹ mọ Lékèélékèé? Ó lè fi ẹsẹ̀ kan dúró láti àárọ̀ dalẹ́. Ẹni tí òfin rọ̀ lọ́rùn ló kúkú ṣe é.

Ẹsẹ̀ Àparò kúrú, ọ̀rọ̀ a sì máa há a lọ́fun. Kò ní ọ̀rẹ́. Ìsàlẹ̀ koríko ló ń dá gbé, tó ń sàba lé ẹyin mẹ́rin. Ibẹ̀ ló ti gbọ́ tí àwọn ọdẹ ń sọ pé tó bá di ọjọ́ kẹrin, àwọn yóò dáná sun igbó.

Ó sáré lọ sáwùjọ, ó gbé ẹsẹ̀ kan sókè. "I... i... i..." Gbì! Ẹsẹ̀ kejì kanlẹ̀. Wọ́n ní kó lọ jókòó.

Lọ́jọ́ kejì, ó tún lọ. "I... i... i..." Gbì! Odídẹrẹ́ ẹlẹ́nu dídùn ń sín in jẹ, ó ní bó pẹ́ bó yá, akólòlò yóò pe baba. Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín. Ta ló ń rẹ́rìn-ín lẹ́yìn lọ́hùn-ún yẹn? Ó dáa.

Àparò dá sunkún títí. Ó wá rántí pé òun kì í kólòlò bí òun bá ń kọrin fún ẹyin òun. Lọ́jọ́ kẹta, ó padà sáwùjọ. Òfin kò kan orin, ló bá fẹsẹ̀ méjèèjì dúró, ó bú sórin:

Lílé: Ẹyẹ oko, ẹ gbọ́ tèmi o
Ègbè: Pìrì, ẹ fò pìrì
Lílé: Iná ọdẹ ń bọ̀ lọ́la o
Ègbè: Pìrì, ẹ fò pìrì
Lílé: Ẹ wá, ká jọ tan koríko
Ègbè: Pìrì, ẹ fò pìrì

Ẹ gbè é dáadáa, ẹ ṣeun. Bẹ́ẹ̀ gan-an ni àwọn ẹyẹ ṣe gbè é. Wọ́n jó, wọ́n ní ohùn rẹ̀ dùn, wọ́n lọ sílé. Kò sẹ́ni tó bi í pé kí ló wí.

Òun nìkan ló padà sínú koríko. Òun nìkan ló fẹsẹ̀ tan koríko yí ìtẹ́ rẹ̀ ká, títí ilẹ̀ pupa fi hàn. Ilẹ̀ mọ́, iná dé, ó ń jó bùlà-bùlà. Ìtẹ́ orí igi jóná tẹyintẹyin, tọmọtọmọ. Ti Àparò nìkan ló kù.

Lékèélékèé wá bá a tẹkúntẹkún, gbogbo ẹyẹ tẹ̀ lé e. Ó ní, "Àparò, o mọ̀, o ò sì sọ fún wa."

Àparò lanu. "Mo... mo... mo..." Lọ́jọ́ yẹn, kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín, kò sẹ́ni tó kánjú. Wọ́n dúró tì í.

"Mo sọ fún yín."

Láti ìgbà náà ni wọ́n ti ń bẹ̀ ẹ́ kó wá bá wọn gbé lórí igi. Kò lọ.

Ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ̀kọ́ ibẹ̀ nìyí: akólòlò mọ ohun tó fẹ́ sọ. Àwa tí à ń gbọ́ ọ ni a kò ní sùúrù.