Fílítà Nọ́ọ̀sì Fadérera

Ojú olójú kò lè jọ ojú ẹni. Gbogbo Ìkirè ló mọ òwe yìí, ṣùgbọ́n Nọ́ọ̀sì Fadérera ló fi hàn wọ́n.

Màmá nọ́ọ̀sì yìí ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́. Bó bá ti gbé mọ́tò rẹ̀ dé ọ̀dọ̀ Múfútáù mẹkáníìkì, bẹ́ńṣì àti omi tútù ló ń pàdé. "Ẹ jókòó, Màmá. Àgbà kì í yọjú sábẹ́ mọ́tò." Màmá á jókòó, Múfútáù á sì ní òun ti pààrọ̀ ọ́ìlì àti fílítà tó ń sẹ́ ẹ.

Nígbà tí ẹ́ńjìnnì wá ń dún bí ẹni ń lọ ata, Màmá tẹ́ ẹní sábẹ́ mọ́tò, ó mú sípánà. Àwọn ará ilé ń fi í rẹ́rìn-ín. Ọ́ìlì tó dà jáde dú bí kóró iṣin. Ó tú fílítà, ó nù ún, ó sì rí ìkọ̀wé ọwọ́ òun fúnra rẹ̀ lára fílítà náà. Iṣẹ́ nọ́ọ̀sì ti kọ́ ọ láti máa kọ ọjọ́ sára ohun gbogbo. Ọdún mẹ́rin sẹ́yìn, nígbà tó ra fílítà yìí fúnra rẹ̀, ló fi ìṣó ha ọjọ́ sí i lára, kí Múfútáù tó dè é.

Ó fi tuntun sí i, ó rọ ọ́ìlì, ó sì wa mọ́tò tó ń lọ wọ́ọ́rọ́wọ́ dé ọ̀dọ̀ Múfútáù.

"Ẹ jókòó, Màmá."

Màmá na fílítà àtijọ́ náà sí i. "Mi ò jókòó mọ́. Ka ọjọ́ tó wà lára eléyìí sókè."

Múfútáù kà á, ohùn rẹ̀ ń wọlẹ̀. Àgbà mẹ́ta tó ń dúró de mọ́tò wọn lórí bẹ́ńṣì gbé ife omi wọn sílẹ̀, wọ́n ká apá agbádá, kálukú sì bẹ̀rẹ̀ sábẹ́ mọ́tò rẹ̀.