Ilé Àgbà Tí Kò Ní Ọ̀dẹ̀dẹ̀

Oyèkànmí bíríkìlà ló gba iṣẹ́ ilé tí ìlú fẹ́ kọ́ fún àwọn àgbà tó ń dá gbé. Ó mọ ògiri gíga yí i ká nítorí olè, ó sì fún yàrá kọ̀ọ̀kan ní balùwẹ̀ tirẹ̀. Ilé náà wù ú débi pé ìyá tó bí i ló kọ́kọ́ kó lọ síbẹ̀.

Kò ju oṣù mẹ́ta lọ tí ìyá bẹ̀rẹ̀ sí í rù.

"Ìyá, kí ni ilé yìí ò ní?"

"Ilé dára, ọmọ mi. Àmọ́ nílé wa, ọ̀dẹ̀dẹ̀ ni mo máa ń jókòó sí. Ẹni tó ń lọ sóko á kí mi, ẹni tó ń bọ̀ á kí mi. Látìgbà tí mo ti débí, kò sẹ́ni tó kí mi kú ìjókòó."

"Kí ló dé tẹ́ ẹ ò sọ kí n tó kọ́ ọ?"

Ìyá rẹ́rìn-ín díẹ̀. "Ta ló bi mí? A kì í fá orí lẹ́yìn olórí, Oyèkànmí."

Lọ́jọ́ kejì, ó wó ògiri iwájú, ó bẹ̀rẹ̀ sí í mọ ọ̀dẹ̀dẹ̀. Símẹ́ǹtì rẹ̀ kò tíì gbẹ tí ìyá fi dágbére fáyé.

Àwọn àgbà yòókù ló ń jókòó síbẹ̀ báyìí. Bí Oyèkànmí bá ń kọjá, á kí wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, á sì tún dúró díẹ̀, bíi pé ó ku ẹnì kan tí òun kò tíì kí.